Nígbà tí Gíà Jíìpù Bá Daṣẹ́ Sílẹ̀ Lójijì

Àpilẹ̀kọ yìí wà fún ẹ̀yin tí a bí tàbí tí a tọ́ dàgbà ní Torino, Padova, Verona, Brescia àti àwọn ìlú mìíràn ní àríwá Ítálì, tí ẹ sì ń ṣe ògbufọ̀ fún àwọn òbí yín níbi gbogbo: ní ilé ìwòsàn, ní ọ́fíìsì ìjọba, àti lọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì la fẹ́ lọ lónìí.

Ẹ jẹ́ ká wò ó báyìí. Jíìpù bàbá yín ń lọ geere lójú ọ̀nà A4. Lójijì, ẹ́ńjìnnì ń ké, ṣùgbọ́n ọkọ̀ kò lọ mọ́. Nígbà tí wọ́n bá gbé e dé officina, bàbá á máa fi Yorùbá ṣàlàyé, mẹkáníìkì á máa fi èdè Ítálì béèrè, ẹ̀yin lẹ ó sì wà láàárín. Bí ẹ bá ṣi ọ̀rọ̀ kan túmọ̀, wọ́n lè tú odindi àpótí gíà wálẹ̀, kí bàbá san ẹgbẹ̀rún mélòó kan owó yúrò, nígbà tó jẹ́ pé fíùsì kékeré kan ló jó.

Nítorí náà, ohun méjì la ó kọ́ pọ̀: bí a ṣe ń wádìí gíà ọ́tọmátíìkì tó daṣẹ́ sílẹ̀, àti ọ̀rọ̀ Yorùbá tí a fi ń sọ ohun tó ṣe é.

Jíìpù, gíà àti cambio

Ní Yorùbá òde òní, jíìpù kì í ṣe orúkọ ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo. Ọkọ̀ gíga èyíkéyìí tó lè gba ọ̀nà tó burú la ń pè bẹ́ẹ̀, ìbáà jẹ́ Toyota, Nissan tàbí Land Rover. Orúkọ náà wá láti ara ọkọ̀ tí àwọn ológun Amẹ́ríkà lò nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Àwọn ará Ítálì ń pe irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ní fuoristrada. Torino náà ní ìtàn tirẹ̀ nínú rẹ̀: Fiat, tí wọ́n dá sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1899, gbé fuoristrada tó ń jẹ́ Campagnola jáde ní 1951. Gíà tí awakọ̀ ń fi ọwọ́ àti kíláàṣì yí ni ti Campagnola.

Gíà ọ́tọmátíìkì ni èyí tó ń yí ara rẹ̀. Èyí tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe lọ́pọ̀ yanturu fún títà ni Hydra-Matic, tí General Motors ti Amẹ́ríkà gbé jáde nínú ọkọ̀ Oldsmobile ti 1940.

Ẹ ṣọ́ra fún ọ̀rọ̀ Ítálì náà, cambio. Ó túmọ̀ sí gíà, ó sì tún túmọ̀ sí ìpààrọ̀. Bí mẹkáníìkì bá ní cambio olio, pípààrọ̀ ọ́ìlì ló ń sọ, ti ẹ́ńjìnnì sì ni lọ́pọ̀ ìgbà. Bó bá ní olio del cambio, ọ́ìlì inú gíà ló ń sọ. Bàbá tó sọ pé òun ti ṣe cambio olio lóṣù tó kọjá lè má tíì fọwọ́ kan ọ́ìlì gíà rẹ̀ láti ọjọ́ tó ti ra ọkọ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni revisione. Lásán, ó jẹ́ àyẹ̀wò tí òfin ní kí gbogbo ọkọ̀ ṣe, lẹ́yìn ọdún 4 fún ọkọ̀ tuntun, lẹ́yìn náà ní ọdún 2 síra. Ṣùgbọ́n revisione del cambio ni títú àpótí gíà palẹ̀ pátápátá láti tún un ṣe. Owó àwọn méjèèjì kò jọra rárá.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú àpótí gíà

Ọ́ìlì ni ẹ̀jẹ̀ gíà ọ́tọmátíìkì. Láàárín ẹ́ńjìnnì àti gíà, ohun roboto kan wà tí wọ́n ń pè ní convertitore di coppia. Ẹ rò ó bíi fáànù méjì tó dojú kọra nínú ọ́ìlì. Ẹ́ńjìnnì ń yí fáànù àkọ́kọ́. Ọ́ìlì tí fáànù yìí ń tì jáde ló ń yí fáànù kejì, fáànù kejì ló sì ń yí gíà. Ìdí nìyẹn tí ọkọ̀ ọ́tọmátíìkì fi lè dúró nídìí iná pupa láìjẹ́ pé ẹ́ńjìnnì kú: ti àkọ́kọ́ ń yí, èkejì dúró jẹ́ẹ́.

Lẹ́yìn èyí, pọ́ǹpù kan wà tí ẹ́ńjìnnì ń yí. Òun ló ń fi agbára ti ọ́ìlì gba ojú ọ̀nà tóóró-tóóró tí wọ́n gbẹ́ sínú irin. Àwọn fáàfù kéékèèké tí iná mànàmáná ń ṣí, tó sì ń tì, ló ń darí rẹ̀. Ibi tí ọ́ìlì bá dé, á tẹ àwọn pẹlẹbẹ kíláàṣì mọ́ra wọn, gíà kan á sì wọlé. Kọ̀ǹpútà kékeré kan ló ń pàṣẹ fún àwọn fáàfù yìí. Ó ń wo bí ọkọ̀ ṣe ń sáré tó àti bí awakọ̀ ṣe ń tẹná mọ́ ọn tó.

Jíìpù gidi ní nǹkan kan sí i: àpótí gíà kejì, tó ń pín agbára sí táyà iwájú àti ti ẹ̀yìn. Inú rẹ̀ ni gíà alágbára tó ń lọ jẹ́jẹ́ wà, èyí tí àwọn ará Ítálì ń pè ní ridotte. Ọ̀pọ̀ wọn tún ní ipò N tirẹ̀, tí kò so mọ́ táyà kankan.

Ẹ rí i báyìí pé ohun mẹ́ta ni gíà nílò kó tó ṣiṣẹ́: ọ́ìlì tó pé tó sì mọ́, agbára tó ń ti ọ́ìlì náà, àti àṣẹ láti ọ̀dọ̀ iná. Bí ọ̀kan bá kù, ọkọ̀ ò ní lọ. Irin tó fọ́ wà lára ohun tó lè fa ìyọnu, ṣùgbọ́n òun nìkan kọ́.

Lójú ọ̀nà: ẹ̀mí ṣáájú ọkọ̀

Kí a tó wádìí ohunkóhun, ẹ tan iná ìkìlọ̀, kí ẹ wọ ẹ̀wù títàn kí ẹ tó sọ̀kalẹ̀. Bí ẹ bá wà lẹ́yìn ìlú, òfin Ítálì ní kí ẹ gbé àmì onígun mẹ́ta sẹ́yìn ọkọ̀, ó kéré tán ní mítà 50. Lójú autostrada, ẹ kọjá sẹ́yìn irin ààbò, ẹ má dúró sínú ọkọ̀. Òpó SOS wà ní nǹkan bíi kìlómítà 2 síra. Nọ́ńbà ìrànlọ́wọ́ ACI ni 803116. Bí ẹ̀mí bá wà nínú ewu, 112 ni kí ẹ pè.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ọ̀rẹ́ bàbá kankan wá fi okùn wọ́ ọkọ̀ yín lórí autostrada, òfin kò gbà á. Ìdí mìíràn tún wà. Ẹ rántí pé ẹ́ńjìnnì ló ń yí pọ́ǹpù. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti kú, tí wọ́n sì ń wọ́ ọkọ̀ pẹ̀lú táyà nílẹ̀, irin inú gíà á máa yí láìsí ọ́ìlì tó ń lọ sára rẹ̀. Gíà tí fíùsì nìkan ń yọ lẹ́nu lè tipa bẹ́ẹ̀ bàjẹ́ pátápátá kó tó dé officina. Ẹ sọ fún ẹni tó gbé carro attrezzi wá pé: è un automatico quattro per quattro, va caricato con tutte le ruote sollevate. Ìyẹn ni pé kí gbogbo táyà kúrò nílẹ̀.

Bí a ṣe ń wádìí rẹ̀ ní ìgbésẹ̀ ìgbésẹ̀

Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Ohun tó rọrùn, tí kò sì gba owó, la kọ́kọ́ ń wò.

*Èkíní: ṣé gíà ni lóòótọ́?* Ó ṣẹlẹ̀ rí pé ẹsẹ̀ tàbí ẹrù kan kàn ta ọ̀pá àpótí gíà kejì lu, ó sì bọ́ sí N. Ẹ́ńjìnnì á máa ké, gíà á máa yí, ọkọ̀ ò ní lọ síbì kankan. Bí àpótí kejì bá wà ní N, ipò P pàápàá lè má lè dá ọkọ̀ dúró, nítorí náà ẹ fa bíréèkì ọwọ́, kí ẹ sì fi òkúta há táyà kí ẹ tó wo ìdí ọkọ̀. Ẹ tún wò bóyá ọ̀pá irin tó ń gbé agbára lọ sí táyà ti já. Bákan náà, wáyà tó so ọ̀pá gíà mọ́ àpótí gíà lè já: ẹ fa ọ̀pá sí D, ṣùgbọ́n àpótí ò gbọ́ rárá. Tí ọ̀pá náà bá ti rọ̀ jù lọ́wọ́ yín, ibẹ̀ ni kí ẹ fura sí.

*Èkejì: iná.* Bátìrì tó rẹ̀ máa ń da kọ̀ǹpútà gíà láàmú. Bátìrì tó dáa máa ń ní nǹkan bíi fólítì 12.6 nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá wà ní pípa, àti nǹkan bíi 14 nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́. Ẹ wo fíùsì. Bí ọ̀pá gíà bá kọ̀ láti kúrò ní P, ẹ ní kí ẹnì kan tẹ bíréèkì, kí ẹ lọ wo iná ẹ̀yìn. Bí iná náà kò bá tàn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé kọ̀ǹpútà kò mọ̀ pé wọ́n ti tẹ bíréèkì ni, kò sì ní yọ̀ǹda ọ̀pá náà. Ohun tí kò wọ́n ló máa ń fa èyí.

Nígbà mìíràn, ọkọ̀ á ṣì máa lọ, ṣùgbọ́n gíà kan ṣoṣo ni yóò máa lò, ìkẹta lọ́pọ̀ ìgbà. Kì í ṣe pé gíà ti kú. Kọ̀ǹpútà rí ohun kan tí kò yé e, ó wá dáàbò bo gíà kó lè rọra gbé yín délé. Modalità di emergenza ni orúkọ rẹ̀ níbí. Ẹ dúró síbi tí kò léwu, ẹ pa ẹ́ńjìnnì fún ìṣẹ́jú mélòó kan, kí ẹ tún un tan. Bó bá padà sípò, ẹ rántí rẹ̀, ẹ sì sọ ọ́ fún mẹkáníìkì.

*Ẹ̀kẹta: ọ́ìlì.* Àwọn gíà kan ní ọ̀pá ìwọ̀n tí ẹ lè fà yọ, àwọn mìíràn kò ní, àfi kí wọ́n gbé ọkọ̀ sókè. Ìwé ọkọ̀ ló máa sọ bóyá kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́ tàbí kó wà ní pípa bí ẹ bá ń wọ̀n ọ́n. Ẹ kán ọ́ìlì náà sórí bébà funfun. Bó bá pupa, tó sì mọ́, ó dáa. Bó bá dúdú, tó ń rùn bí ohun tó jóná, pẹlẹbẹ kíláàṣì ti ń jó. Bó bá ní ìda irin tó ń dán, irin ń jẹ irin nínú rẹ̀. Bó bá rí bíi wàrà tí wọ́n po mọ́ zóbò, omi ti wọ inú rẹ̀: ẹ má wa ọkọ̀ náà mọ́, kódà dé ìpẹ̀kun àdúgbò. Irú ọ́ìlì tí gíà ń lò kì í ṣe ọ̀kan náà, nítorí náà ẹ má da èyí tí ẹ bá ṣáà rí sí i.

Àwọn tó ń ta ọkọ̀ sábà máa ń ní ọ́ìlì gíà kan wà fún gbogbo ọjọ́ ayé ọkọ̀. Ṣùgbọ́n ZF, ilé-iṣẹ́ Jámánì tó ń ṣe gíà fún ọ̀pọ̀ jíìpù, fúnra rẹ̀ dámọ̀ràn kí a pààrọ̀ rẹ̀ láàárín kìlómítà 80,000 sí 120,000, tàbí lẹ́yìn ọdún 8.

*Ẹ̀kẹrin: ohun tí kọ̀ǹpútà rí.* Mẹkáníìkì á so ẹ̀rọ mọ́ ọkọ̀ láti ka àwọn kóòdù tó wà níbẹ̀. P0700 kàn ń sọ pé kọ̀ǹpútà gíà ní ẹjọ́ láti rò. Kò tíì sọ ẹjọ́ náà. P0730 sọ pé gíà tí wọ́n pàṣẹ kọ́ ló wọlé. P0741 ń tọ́ka sí convertitore. P0218 ní ọ́ìlì gbóná jù. Kóòdù dà bí aládùúgbò tó ní òun gbọ́ ariwo lóru: ó sọ ibi tí ariwo ti wá, kò sọ ẹni tó pariwo. Bí fáàfù kan bá kọ̀ láti ṣí, ó lè jẹ́ fáàfù, ó lè jẹ́ wáyà, ó sì lè jẹ́ ìdọ̀tí inú ọ́ìlì. Ẹni tó bá pààrọ̀ àpótí gíà lórí kóòdù nìkan kò tíì wádìí.

*Ẹ̀karùn-ún: ìgbà wo ló ṣẹlẹ̀?* Bí gíà iwájú àti ti ẹ̀yìn bá kú pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ fura sí ọ́ìlì, pọ́ǹpù tàbí wáyà ọ̀pá gíà, nítorí wọ́n wà lára ohun tí gbogbo gíà jọ ń lò. Bó bá jẹ́ ti ẹ̀yìn nìkan ni kò wọlé, kíláàṣì tirẹ̀ ni kí ẹ fura sí. Bó bá ń ṣe dáadáa ní òwúrọ̀, tó wá ń yọ̀ nígbà tó bá gbóná, ọ́ìlì ti di ṣíṣàn, ó ń sá gba ara rọ́bà tó ti gbó.

Bí àpẹẹrẹ, àwọn kan máa ń gbé jíìpù lọ sí Strada dell'Assietta, ọ̀nà oníyẹ̀pẹ̀ tó wà lórí òkè ní ìwọ̀ oòrùn Torino, tó ga ju mítà 2,000 lọ. Bí awakọ̀ bá ń gun òkè jẹ́jẹ́ nínú gíà tó wúlò fún títì, fáànù méjì inú convertitore kò ní yára dọ́gba, ọ́ìlì á gbóná gan-an, gíà lè jáwọ́. Bó bá dúró fún wákàtí kan, tó tún lọ, ooru ni. Lílo ridotte ni kì í jẹ́ kó ṣẹlẹ̀.

Ẹ̀kọ́ kan láti ara Pathfinder

Nissan Pathfinder kì í ṣe àlejò ní Èkó tàbí Ìbàdàn. Ọ̀pọ̀ Tòkunbọ̀ rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Lára Pathfinder, Frontier àti Xterra tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà láàárín 2005 sí 2010, wọ́n rí àléébù kan. Inú rédíétọ̀ ni ọ́ìlì gíà ti máa ń lọ tutù, ògiri tín-ín-rín kan ló sì là á sí méjì pẹ̀lú omi ẹ́ńjìnnì. Ògiri náà ń là. Omi wá ń wọ inú gíà, ó ń tú pẹlẹbẹ kíláàṣì, gíà sì ń kú láìpẹ́. Àwọn tó ni ọkọ̀ gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sílé ẹjọ́, Nissan sì fi kún ọdún tí òun fi máa tún rédíétọ̀ náà ṣe.

Ẹ wo ẹ̀kọ́ ibẹ̀. Gíà ló kú, ṣùgbọ́n rédíétọ̀ ló pa á. Ẹni tó bá ra gíà mìíràn, tó fi rédíétọ̀ àtijọ́ sílẹ̀, á tún padà wá ra òmíràn. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá.

Àmì ohùn lè yí ìwádìí padà

Ibi tí Yorùbá yín ti wúlò jù nìyí. Bí bàbá bá ní «ọ́ìlì ń jò», ó ń kán sílẹ̀ ni. Ẹ sọ pé perde olio. Bó bá ní «ọ́ìlì ti jó», ooru ti bà á jẹ́. Ẹ sọ pé l'olio è bruciato. Àmì ohùn kan ṣoṣo ló yà wọ́n, ṣùgbọ́n èkíní lè parí sí rọ́bà kékeré, èkejì lè parí sí títú gíà palẹ̀.

Bákan náà, «gíà ń yọ̀» túmọ̀ sí pé ẹ́ńjìnnì ń sáré ṣùgbọ́n agbára kò dé táyà tán: il cambio slitta. «Gíà yọ» túmọ̀ sí pé ó bọ́ kúrò níbi tí a fi í sí: la marcia si è disinserita. «Ó ń pẹ́ kó tó wọlé» ni la marcia entra in ritardo. «Ọkọ̀ ń ta gìrì bí gíà bá ń yí» ni il cambio strappa. «Kò wọlé rárá» ni la marcia non entra.

Bí ohùn bàbá kò bá yé yín dáadáa, ẹ tún béèrè: «Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ó ń kán sílẹ̀ ni, àbí ó ń rùn bí ohun tó jóná?» Kò sí ìwà àfojúdi nínú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Ohun tí ẹ kò gbọ́dọ̀ ṣe ni kí ẹ kàn sọ pé il cambio è rotto. Ìdájọ́ nìyẹn, kì í ṣe ẹ̀rí. Ẹ sọ ohun tí ẹ rí, ohun tí ẹ gbọ́, ohun tí ẹ gbóòórùn, àti ìgbà tó ṣẹlẹ̀. Kí mẹkáníìkì fi wádìí.

Ta ni kí ẹ gbé e lọ bá?

Nílé, mẹkáníìkì, rewáyà, fọkanáísà àti páńẹ́lì bítà ni olúkúlùkù ní iṣẹ́ tirẹ̀. Ítálì náà pín in bẹ́ẹ̀: òfin 122 ti 1992 dárúkọ meccanico, elettrauto, gommista àti carrozziere lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Elettrauto ni rewáyà wa. Ṣùgbọ́n òfin 224 ti 2012 so meccanico àti elettrauto pọ̀ di meccatronica, nítorí pé nínú ọkọ̀ òde òní, irin àti iná kò ṣeé yà mọ́. Gíà ọ́tọmátíìkì ni ẹ̀rí tó dáa jù fún èyí.

Kí bàbá tó fọwọ́ sí ohunkóhun, ẹ bá a béèrè nǹkan mẹ́rin: Ṣé wọ́n ti wọn bátìrì? Báwo ni àwọ̀ àti òórùn ọ́ìlì gíà ṣe rí? Kóòdù wo ni wọ́n rí, kí ni wọ́n sì ṣe láti mọ ohun tó fà á? Kí ló pa gíà, ṣé wọ́n máa tún ìyẹn náà ṣe? Lẹ́yìn náà, kí ẹ gba preventivo, ìyẹn ìwé iye owó, ní kíkọ sílẹ̀.

Bí ìdáhùn sí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá yè kooro, tí wọ́n sì tún ní gíà gbọ́dọ̀ wálẹ̀, ó wálẹ̀ náà nìyẹn. Bàbá á mọ ohun tó ń sanwó fún. Bí wọn kò bá sì rí ìdáhùn sí ìbéèrè kejì, ẹ ní kí wọ́n kọ́kọ́ lọ wo ọ́ìlì.